Géèmù tó fẹ̀ àti géèmù tó ń dáni lóhùn

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọ̀wé sí mi láti Ògbómọ̀ṣọ́. Mo gé lẹ́tà rẹ̀ kúrú díẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ìgbà tí a ti gba ìsinmi ni mo ti ń gbá Skyrim. Níbẹ̀rẹ̀, n kì í fẹ́ sùn. Ní báyìí mo ti kọ́lé, mo ti di olórí ẹgbẹ́ oṣó, mo tún di olórí ẹgbẹ́ olè, síbẹ̀ ó ti sú mi, n kò sì mọ ìdí rẹ̀. Àbúrò mi ní kí n gbá Final Fantasy XIII. Mo gbá a, àfi bíi pé ọ̀nà tóóró kan ṣoṣo ni wọ́n tì mí sí. Ọ̀rẹ́ mi kan wá ń sọ pé RPG, géèmù tí èèyàn ti ń ṣe ẹ̀dá inú ìtàn, tí kò bá jẹ́ kéèyàn lọ síbi tó wù ú kì í ṣe RPG rárá. Ṣé òótọ́ ni? Bó bá jẹ́ òótọ́, kí ló dé tí òmìnira tí mo ní nínú Skyrim fi sú mi? Láptọ́ọ̀pù mi ti pẹ́ díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ìyẹn bí ẹ bá fẹ́ dárúkọ òmíràn fún mi."

Àbúrò mi, o káre. Ìbéèrè méjì lo dì pọ̀ sójú kan. Ti ọ̀rẹ́ rẹ kò gba àkókò. Wizardry jáde ní 1981, gbogbo ayé inú rẹ̀ kò ju ihò abẹ́ ilẹ̀ onípele 10 lọ, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó mọ ìtàn irú eré yìí tí kò ní kà á mọ́ àwọn baba wọn. Planescape: Torment ti 1999 kò fún ọ ní pápá kankan láti sáré kiri, ọ̀rọ̀ lo máa kà títí ojú á fi máa ta ọ́, bẹ́ẹ̀ RPG pọ́ńbélé ni. Ọ̀rẹ́ rẹ mú ohun tó fẹ́ràn, ó sọ ọ́ di òfin. Kò burú lẹ́nu ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n má jẹ́ kó fi dá ọ lẹ́jọ́.

Tìrẹ ló jinlẹ̀. Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ nínú wa rú ni pé orí tábìlì ni wọ́n ti bí irú eré yìí, kò tíì sí kọ̀ǹpútà nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Ní 1974, Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà. Àwọn ọ̀rẹ́ á jókòó, ẹnì kan nínú wọn á máa sọ ìtàn, àwọn yòókù á máa sọ ohun tí àwọn fẹ́ ṣe nínú ìtàn náà. Fi ọkàn rò ó bí àlọ́ alẹ́ nílé wa. Bí ọmọ kan bá já lu apàlọ́ pé kí ló dé tí Ìjàpá ò gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ, apàlọ́ tó gbówọ́ kò ní lé e dànù. Yóò ní olóko ti dẹ pàkúté sẹ́yìnkùlé, àlọ́ á sì máa lọ. Ẹni tó ń sọ ìtàn nídìí Dungeons & Dragons náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí èèyàn ni, ó sì wà níbẹ̀. Àwọn géèmù kọ̀ǹpútà tí à ń sọ yìí kò lè ṣe é. Ohun tí géèmù bá fi dá ọ lóhùn lónìí, ẹnì kan ti jókòó rò ó ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ó kọ ọ́, wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n dán an wò. Bí kò bá sẹ́ni tó rò ó, géèmù á kàn dákẹ́ ni.

Nítorí náà, ibi tí àríyànjiyàn yín ti wọ́ ni pé ẹ fi òmìnira sí apá kan, ẹ fi ìtàn àkọsílẹ̀ sí apá kejì, bí ẹni pé wọ́n ń bára wọn jà. Kíkọ náà ni wọ́n kọ òmìnira inú kọ̀ǹpútà. Ibi tí àwọn tó ṣe géèmù ná agbára wọn sí ló yàtọ̀. Àwọn kan ná an sórí ilẹ̀, pé ibikíbi tí o bá kọjú sí, wàá bá nǹkan níbẹ̀. Àwọn kan ná an sórí èsì, pé ohunkóhun tí o bá ṣe, ayé inú géèmù náà á mọ̀ pé o ṣe é. Owó kan náà, ọdún kan náà ni wọ́n fi ń ṣe méjèèjì, kò sì sí iléeṣẹ́ tí owó rẹ̀ kì í tán.

Mo mọ̀ ọ́n nítorí mo ti fọwọ́ ara mi gbìyànjú rẹ̀. Ní 2012, Bethesda, iléeṣẹ́ tó ṣe Skyrim, gbé Creation Kit jáde lọ́fẹ̀ẹ́, irinṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè fi tún Skyrim ṣe tàbí kó fi nǹkan kún un. Bí o bá ṣí iṣẹ́ kan nínú rẹ̀, èyí tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ ń pè ní míṣọ̀n, nọ́ńbà lo máa rí: 10, 20, 30. Ní 10, obìnrin kan bẹ̀ ọ́ pé kó o bá òun wá ẹ̀gbọ́n òun tó sọnù. Ní 20, o rí ẹ̀gbọ́n náà nínú ihò. Ní 30, o mú un wálé, o gba owó rẹ. Kò sí wàhálà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń kọ irú rẹ̀ ni ìbéèrè ń jáde. Bí ẹni tó ń gbá a bá ti gba inú ihò yẹn kọjá lọ́sẹ̀ tó lọ, tó sì ti pa ẹ̀gbọ́n náà kó tó mọ̀ pé obìnrin yìí wà láyé ńkọ́? Bó bá pa obìnrin náà ńkọ́? Bó bá gba iṣẹ́ náà, tó wá lọ fi ọdún kan ṣe nǹkan mìíràn, ṣé ẹ̀gbọ́n yẹn á ṣì jókòó sínú ihò? Bó bá wọ bàtà ẹ̀gbọ́n náà wá síwájú obìnrin yẹn, ṣé kò ní dá bàtà mọ̀ ni? Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan fẹ́ èsì tirẹ̀, èsì kọ̀ọ̀kan sì fẹ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni méjì-mẹ́ta. Fi ìyẹn lọ ọgọ́rùn-ún míṣọ̀n, kó o sì wá òṣèré tó máa ka gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀rọ, wàá mọ ìdí tí iléeṣẹ́ ńlá fi ń gba ọ̀nà àbùjá. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kí ẹ̀gbọ́n yẹn má ṣeé pa. Òmíràn ni kí ihò má ní ẹnì kankan nínú àfi bí o bá ti gba iṣẹ́.

Ìdílé tí Skyrim ti wá fúnra rẹ̀ fi èyí hàn. Daggerfall jáde ní 1996; Bethesda sọ pé ilẹ̀ inú rẹ̀ tó ilẹ̀ Bìrìtéènì, pé ìlú, abúlé àti àwọn ibòmíràn tó ṣeé wọ̀ níbẹ̀ tó 15,000. Kọ̀ǹpútà ló fi ìṣirò ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn. Mo ti rìn níbẹ̀. Abúlé kan kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èkejì ju orúkọ lọ. Nígbà tí wọ́n ṣe Morrowind, tó jáde ní 2002, wọ́n dín ilẹ̀ kù jọjọ, wọ́n mú erékùṣù kan ṣoṣo, Vvardenfell, wọ́n sì fọwọ́ to ibẹ̀ níbùúbùú lóròòró. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ ti kíkà, wọn kò gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, nítorí náà kíkọ ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀ kò wọ́n. O sì lè pa ẹnikẹ́ni. Bí o bá pa ẹni tí ìtàn ńlá náà dúró lé, géèmù á sọ fún ọ pé okùn àsọtẹ́lẹ̀ ti já: yálà kó o padà síbi tó o ti sééfù, tàbí kó o máa gbé inú ayé tó o ti bà jẹ́. Mo fẹ́ràn gbólóhùn yẹn, ó kà mí sí àgbà. Nígbà tí Oblivion dé ní 2006, gbogbo èrò inú rẹ̀ ló ń fi ohùn sọ̀rọ̀. Ohùn ń náni lówó. Ọ̀rọ̀ wọn dín kù, àwọn èèyàn pàtàkì kò sì ṣeé pa mọ́. O gé wọn nídà, wọ́n dákú, wọ́n tún dìde, wọ́n gbọn eruku nù. Skyrim jogún ìyẹn ní 2011.

Wàyí o, ká wo ohun tó sú ọ. O ní o ti di olórí ẹgbẹ́ oṣó ní Winterhold. Sọ òótọ́ fún mi: idán mélòó lo mọ̀? Géèmù yẹn kò bi ọ́. Èèyàn lè fi idà àti àáké la gbogbo iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ oṣó yẹn já, kó fi idán pínníṣín gba ibi tó bá ti di dandan, kí wọ́n sì fi í jẹ olórí. Ní ọjọ́ kejì, ó tún di olórí olè ní Riften, kò sí oṣó kan tó pè é jókòó pé ọ̀gá, kí la gbọ́ yìí? Ogun abẹ́lé wà níbẹ̀, àwọn ará Imperial àti àwọn Stormcloak. Bí o bá jà á parí, Jarl díẹ̀, ìyẹn àwọn olórí ìlú ibẹ̀, á fi ìjókòó sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, àsíá á yí padà, ọjà á sì máa ná lọ bí ó ti ń ná. Ìdí rẹ̀ ni pé wọ́n ṣe Skyrim kó má lópin, kí ẹnì kan lè ṣe gbogbo rẹ̀ tán láìtún ayé wá. Bí jíjẹ́ olè bá dínà oṣó mọ́ ọ, ẹnì kan á pariwo pé wọ́n ta ààbọ̀ géèmù fún òun. Nítorí náà wọ́n kọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́nà tí kò fi ní fara kan èkejì. Nígbà tí iṣẹ́ gidi bá tán, èyí tí ẹ̀rọ ń hun fúnra rẹ̀ á gbà á: lọ sí ihò báyìí, pa olórí wọn, padà wá. Ìyẹn kì í tán láé, kò sì lórúkọ. Àìgbọ́ èsì ló sú ọ, àbúrò. Òmìnira kò ṣẹ̀ ọ́.

Kódà òmìnira Skyrim ní ìtàn àkọsílẹ̀ nínú tí o kò rí. Àwọn dírágónì tó ń fò kiri, tó dà bíi pé wọ́n ń ṣe ìfẹ́ inú wọn, wọn kò ní yọ sókè kiri àfi bí o bá ti lọ rí Jarl Balgruuf ní Whiterun, tó sì ti rán ọ lọ pa ti àkọ́kọ́ nídìí ilé ìṣọ́ ìwọ̀-oòrùn. Ẹni tí kò bá yà síbẹ̀ lè gbá a títí kó má rí dírágónì mìíràn lẹ́yìn èyí tó sun ìlú Helgen níbẹ̀rẹ̀ eré.

Ti Final Fantasy XIII, o kò purọ́ mọ́ ọn. Ó jáde ní Japan ní 2009, ó dé Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ní 2010, ẹ̀sùn tí o fi kàn án yìí náà ni wọ́n fi kàn án nígbà náà. Orí 13 ló ní. Orí 11 ló tó dé Gran Pulse, níbi tí pápá ti ṣí gbalasa. Ṣùgbọ́n ro ìtàn rẹ̀ wò. Ìsáǹsá ni àwọn èèyàn inú rẹ̀, ìjọba ń dọdẹ wọn, àmì ègún kan wà lára wọn tó ń ka ọjọ́ fún wọn. Ẹni tí ikú ń lé kì í yà bá ará abúlé wá adìyẹ tó sọnù. Wo òdìkejì rẹ̀ nínú The Witcher 3 ti 2015, géèmù tí mo fẹ́ràn gan-an: ọmọ tí Geralt, akọni tí à ń fi gbá a, fẹ́ràn bí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu, àwọn ẹlẹ́ṣin òkùnkùn ń lé e, àwa sì jókòó sílé ọtí láti abúlé dé abúlé, à ń ta káàdì Gwent. Gbogbo wa la ṣe é. Géèmù náà kò sì ní kí ló dé, torí bó bá bínú sí wa, a ó sọ pé kò fún wa ní òmìnira. Nítorí náà n kò dá Final Fantasy XIII lẹ́bi nítorí pé ọ̀nà rẹ̀ tóóró. Ohun tí mo fi dá a lẹ́bi ni pé fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kò jẹ́ kó o fúnra rẹ yan ẹni tí ìwọ àti rẹ̀ máa jọ jà, bẹ́ẹ̀ ìjà rẹ̀ dùn púpọ̀ nígbà tó bá fi ọ́ sílẹ̀ tán. Ó pẹ́ jù kó tó fi ọ́ sílẹ̀.

Ìtàn àkọsílẹ̀ a máa burú lóòótọ́, ibi tó ti ń burú jù lọ ni ibi tó bá ti sé ohun tí ayé inú géèmù fúnra rẹ̀ ti gbà. Àpẹẹrẹ tí mo máa ń tọ́ka sí ni ìparí Fallout 3, tó jáde ní 2008. Yàrá kan wà níbẹ̀ tó kún fún ìtànṣán olóró, ẹni tó bá wọlé láti tẹ bọ́tìnì yóò kú. Fawkes, abàmì ẹ̀dá tó lè máa bá ọ rìn, lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ lákòókò yẹn, ìtànṣán kì í pa á, ìwọ pẹ̀lú rẹ̀ sì ti jọ rí i bẹ́ẹ̀ ṣáájú. O bẹ̀ ẹ́ pé kó wọlé. Ó kọ̀, ó ní àyànmọ́ rẹ ni, òun kò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ! Àwọn tó kọ ọ́ ti pinnu pé ìwọ ni wàá kú, wọ́n sì gbàgbé pé àwọn fúnra wọn ló fún ọ ní ẹni tí kì í kú síbẹ̀. Ariwo pọ̀. Ní 2009 wọ́n ta àfikún Broken Steel, tí Fawkes fi lè wọ yàrá náà, tí géèmù sì ń bá a lọ lẹ́yìn rẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ kó o gbá jáde ní 2010. Obsidian ló ṣe é, orúkọ rẹ̀ ni Fallout: New Vegas, ẹ̀rọ Fallout 3 kan náà ni wọ́n lò, oṣù bíi 18 péré ni wọ́n sì fi ṣe é. Wọ́n yìnbọn lù ọ́ lórí, wọ́n sin ọ́, dókítà àgbàlagbà kan wo ọ́ sàn ní Goodsprings. Iná ìlú New Vegas ń tàn lókèèrè níhà àríwá. Kò sí ògiri láàárín ìwọ àti rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá kọjú síbẹ̀ tààrà, deathclaw, ẹranko ńlá eléèékánná, á fà ọ́ ya, tàbí kí cazador, kòkòrò olóró abìyẹ́, ta ọ́ pa. Wọn kì í dúró dè ọ́ kó o lágbára kí wọ́n tó lágbára, bí ọ̀tá inú Oblivion ṣe máa ń ṣe, níbi tí olè ojú ọ̀nà ti ń wọ ìhámọ́ra olówó iyebíye nítorí pé ìwọ ti di akọni. Nítorí náà wàá gba gúúsù lọ sí Primm, wàá kọjá ní Nipton àti Novac, kó o tó yí padà sókè. Lójú ọ̀nà yẹn lo ti ń gbọ́ ìròyìn ọkùnrin tó yìnbọn lù ọ́. Ibẹ̀ náà lo ti ń fojú ara rẹ rí iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ogun NCR àti ti Legion, agbára méjì tó ń jà du ilẹ̀ náà, kí ẹnikẹ́ni tó ní kó o yan ọ̀kan. Wọ́n ti kọ gbogbo ìrìn yẹn sílẹ̀ fún ọ, o kò sì mọ̀ pé wọ́n kọ ọ́. Síbẹ̀ bí o bá mọ ọgbọ́n tó o lè fi yọ́ gba àárín òkè kọjá, lọ. Géèmù á gbà fún ọ.

O lè pa ẹni tó bá wù ọ́ níbẹ̀, yàtọ̀ sí àwọn ọmọdé àti ẹni bíi mélòó kan. Kí ọ̀nà má bàa tán, wọ́n ṣe róbọ́ọ̀tì kan, Yes Man, tó jẹ́ pé bí o bá fọ́ ọ, á tún gbé ara mìíràn wọ̀ wá bá ọ. Níbi ogun Hoover Dam, géèmù náà parí pátápátá. Á sọ fún ọ, ìlú kan lẹ́yìn òmíràn, ohun tó dé bá wọn nítorí ohun tó o ṣe. Bí o bá gbè sẹ́yìn Legion, ilẹ̀kùn NCR ti tì mọ́ ọ, kò sẹ́ni tó máa bẹ̀bẹ̀ fún ọ. Òpin ló fún wọn láyè láti jẹ́ kí ọ̀ràn ní ìyà, torí wọn kò ní láti tọ́jú ayé kan tó ṣì máa gbà ọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Kì í ṣe pé kò lábùkù o. Ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ aṣálẹ̀ gbígbẹ, ẹwà Skyrim kò sí níbẹ̀ rárá, ìbọn yíyìn rẹ̀ sì ti di ti àtijọ́.

Àwọn kan gba ọ̀nà kejì, wọ́n dín ilẹ̀ kù títí. Disco Elysium ti 2019 kò kúrò ní àdúgbò kan, Martinaise, kò sì ní ọ̀nà ìjà kankan bí a ti mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan. Bó o bá sọ̀kò ọ̀rọ̀ lu ẹnì kan láàárọ̀, ó lè pàdé rẹ nírọ̀lẹ́. Baldur's Gate 3 ti 2023 ṣe méjèèjì, ilẹ̀ fẹ̀ níwọ̀nba, èsì sì jinlẹ̀, apá mẹ́ta ni wọ́n pín in sí, tí o bá kúrò ní ọ̀kan, púpọ̀ nínú rẹ̀ ti tì. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún àti owó rẹpẹtẹ ló wọ̀ ọ́, àyè 150 GB ló sì ń béèrè. Pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù rẹ àti owó dátà lónìí, jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi ní ibi tó mọ. Ẹni tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ kíkà ni mí, ó sì ń hàn nínú gbogbo ohun tí mo sọ. Ìyàwó mi kò wá èsì kankan lọ sínú Skyrim; ó ń já òdòdó, ó ń wo yìnyín, ó ń to ìwé sílé, inú rẹ̀ sì ń dùn títí di òní. N kò ní ẹjọ́ tí mo lè rò fún un tó máa yí i lérò padà, n kò tilẹ̀ rò pé ó yẹ. Bí irú rẹ̀ bá ni ọ́, New Vegas á gbẹ lójú rẹ. Kó o tó ra ohunkóhun, o lè kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ Skyrim lákọ̀tun: yan ẹ̀dá kan, kọ̀ láti wọ ẹgbẹ́ tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní wọ̀, fi ẹsẹ̀ rìn dípò kó o máa fò láti ìlú sí ìlú lórí máàpù. Ó máa ń ran àwọn kan lọ́wọ́. Èmi ò fara mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀, torí ìwọ lò ń ṣe iṣẹ́ tí àwọn tó kọ ọ́ kò ṣe. Final Fantasy XIII ńkọ́? Bí ìjà rẹ̀ bá dùn mọ́ ọ, fara dà á dé Gran Pulse. Bí kò bá dùn, má fi ìsinmi rẹ ṣòfò.

Bí o bá mú New Vegas, láptọ́ọ̀pù tó ń gbé Skyrim á gbé e. Má ka ìtọ́sọ́nà kankan lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó o tó dé Nipton, torí ohun tó o máa bá níbẹ̀ kò dára kí ẹlòmíràn ti sọ ọ́ fún ọ. Kí o sì máa sééfù léraléra, lórúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ó ṣì máa ń dákú lójijì lórí Windows, kì í sì í sọ tẹ́lẹ̀.